Igbó, Oko àti Odò ní Àríwá Èkìtì: Ta Ní Ń Jèrè, Ta Ní Ń San Gbèsè?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọmọ tó kọ òbí rẹ̀ sílẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, tàbí ẹni tó dé ìlú ńlá tó gbàgbé ilé. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé gbà á bí ó ti rí gan-an: odò tí a ń fojú rí, orísun tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé, àti gbígbẹ tí ń mú kí ìkòkò ṣófo. Ìtàn ilẹ̀ àríwá Èkìtì ni mo fẹ́ pa, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Nígbà tí a bá ń pìtàn agbègbè náà, ọba, ìjòyè àti ogun ni a máa ń kà lẹ́sẹẹsẹ. Èmi fẹ́ ka igbó, oko àti odò mọ́ wọn, nítorí pé àwọn náà ní ìtàn, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé nílẹ̀ Yorùbá ni igbó wọ̀nyí ṣe lóore, bí a mọ̀, bí a kò mọ̀.

Kí ni ilẹ̀ ń ṣe fún wa? Àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè jọ, gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní 2005, wọ́n sì pín iṣẹ́ ilẹ̀, igbó àti omi sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ohun tí a ń kó délé: iṣu, igi, ẹran ìgbẹ́, ewé, omi mímu. Èkejì ni ìdáàbòbò: igbó ń dín agbára àgbàrá kù, ó ń sé iná, ó ń mú kí ooru rọlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi òjò wọ inú ilẹ̀ kí odò má bàa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ojú kì í rí: ewé ń jábọ́, ó ń jẹrà, ekòló ń yí i padà, ilẹ̀ tó ti ṣá sì ń padà di ọlọ́ràá. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ọkàn ń rí gbà: igbó òrìṣà, odò tí a ń bọ, òkè tí a fi ń ki ìlú. Ìpín yìí dára, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so mọ́ ara wọn. Bí a bá fa ọ̀kan jù, òmíràn yóò súnkì. Ẹni tó fẹ́ iṣu púpọ̀ kò lè ṣe kó má ṣán igbó; ẹni tó sì ṣán igbó ti fọwọ́ kan omi tí aládùúgbò rẹ̀ yóò pọn lẹ́ẹ̀rùn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣán igbó náà ni omi rẹ̀ yóò gbẹ, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọrùn. Ọgbọ́n orí ìbá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìtàn àríwá Èkìtì ni pé ẹni tó ń jèrè àti ẹni tó ń san gbèsè kì í sábà gbé ibì kan náà, àti pé láti ìgbà àwọn baba ńlá wa títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà tó wà láàrin àwọn méjèèjì ń jìn sí i ni. Nígbà kan rí, wọ́n lè pàdé lójúde ọba kí wọ́n rojọ́, kí ọba sì dá a. Lónìí, ọ̀kan lè wà ní Ayédé, kí èkejì wà nísàlẹ̀ odò ní ilẹ̀ Bìní, kí ẹ̀kẹta sì wà ní Yúróòpù. Ta ni yóò dá ẹjọ́ wọn?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ilẹ̀ náà fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni a ń pè ní àríwá Èkìtì: Ìdó-Òsì, Mọ̀bà, Iléjeméje, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Omi kì í sì í gbé orí òkè. Ṣíṣàn ni ó máa ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Ayédé, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti sun. Ó gba inú Èkìtì kọjá, ó wọ ilẹ̀ Oǹdó, ó dà pọ̀ mọ́ odò Ọ̀sẹ̀, wọ́n sì jọ gba ilẹ̀ Ẹdó lọ sí òkun. Ní Ìgèdè, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìdó, ni odò Ọ̀ṣun ti sun, tó fi dé Òṣogbo, tó sì lọ wọ ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, àwọn ará òkè wọ̀nyí ni wọ́n di ẹnu ìkòkò omi mú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí, tí àwọn ènìyàn náà kò sì mọ̀ wọ́n.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé agbègbè yìí ni igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti gúúsù Èkìtì bọ̀ tó ń lọ sí ìhà Ìkọ̀lé àti Mọ̀bà, yóò rí i pé igi ń fọ́n ká, koríko sì ń ga. Ibi ààlà kì í lágbára bí àárín. Ní àárín igbó, bí a bá ṣán oko kan tí a sì fi sílẹ̀, igi yóò tún hù. Ní ààlà, bí a bá ṣán an tí iná sì jó o léraléra, koríko ni yóò gba ipò igi. Koríko ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó ń fa iná mọ́ra. Iná ń pa ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Koríko tún ń pọ̀ sí i. Bí ó bá dé bẹ́ẹ̀, yóò pẹ́ kí igbó tó padà. Ìdí nìyí tí àṣìṣe kékeré ní Ìkọ̀lé fi lè ná ilẹ̀ ju àṣìṣe ńlá ní ibi tí igbó ti kún.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń gbé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní oko etílé, wọ́n ní oko egàn. Bí wọ́n bá dáko sí ibì kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí igi yóò fi borí koríko. Wọn kì í gé gbogbo igi orí oko. Wọn a dá ìrókò sí, wọn a dá igbá àti ọ̀pẹ sí. Wọ́n ní igbó orò, wọ́n ní igbàlẹ̀, wọ́n ní igbó etí odò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àdá wọ̀. Ẹni tó bá gbé àdá wọ̀ ọ́ yóò bá òrìṣà wíjọ́, yóò sì bá ìlú wíjọ́. Èmi kò sọ pé nítorí omi nìkan ni wọ́n ṣe sọ igbó náà di èèwọ̀. Ẹ̀rù òrìṣà jẹ́ ẹ̀rù òtítọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé igbó tí a kò wọ̀ ni omi ti ń sun láìgbẹ, àti pé ohun tí ọkàn ń rí gbà ni ó ń ṣọ́ ohun tí ìkòkò ń rí gbà.

Ògún fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìrè-Èkìtì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń kì í ní Ògún Onírè. Àdá tí a fi ń ṣán igbó, irin ni. Irin kì í sì í ti inú òkúta jáde láìsí èédú, èédú kì í sí láìsí igi. Nítorí náà òrìṣà tó la ọ̀nà igbó fún ènìyàn, igbó náà ni ó ń jẹ. Àwọn tó ń bọ ọ́ mọ̀ pé agbára olójú méjì ni: ó ń gbà wá, ó sì lè pa wá run bí a kò bá fi òdiwọ̀n sí i.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a rò pé àwọn baba wa jẹ́ áńgẹ́lì. Òdiwọ̀n tí wọ́n ní, òdiwọ̀n ìlú ni. Èèwọ̀ ìlú kan kì í kọjá ààlà ìlú náà. Ènìyàn kò pọ̀ nígbà náà bí ti òní, ilẹ̀ sì gbà wọ́n. Bí igbó bá tilẹ̀ tún pọ̀ sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi rà á. Àwọn Tápà ń ti Bídà wá kó àríwá Èkìtì lẹ́rú. Ìbàdàn ń ti ìwọ̀-oòrùn wá, wọ́n ń fi ajẹ́lẹ̀ jẹ gàba. Ayédé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ogun ló dá a sílẹ̀: Ẹṣùbíyìí, jagunjagun ọmọ Ìyè, ló kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún náà, ó sì di Àtá Ayédé. Ní 1878 ni Èkìtì Parapọ̀ dìde sí Ìbàdàn. Wọ́n bu ọwọ́ lùwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ibùdó ogun kò tú tán títí di 1893. Ní ti Bídà, ọdún 1897 ni agbára rẹ̀ wó lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Royal Niger. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ta ni yóò lọ sí oko egàn? Àwọn ènìyàn sá gun òkè, wọ́n ń dáko ní ìdí odi. Oko tó jìnnà di igbó. Bí ẹnì kan bá fò kọjá lókè nígbà náà tó rí igi tútù yọ̀yọ̀, yóò sọ pé ilẹ̀ yìí ń dára sí i. Kò mọ̀ pé ibi tí igi náà ti hù, àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ti di ẹrú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ fi igbó nìkan wọn ire ilẹ̀. A gbọ́dọ̀ wo igbó, oko àti ènìyàn pọ̀.

Lẹ́yìn ogun ni kòkó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín, àwọn mìíràn sì lọ sí ilẹ̀ Oǹdó àti Ifẹ̀ láti wá egàn tí wọn yóò gbìn ín sí. Kòkó fẹ́ràn ilẹ̀ tí igbó ti gbé sanra, ó sì fẹ́ ibòji nígbà tó bá wà lọ́mọdé. Nítorí èyí, oko kòkó àtijọ́ kì í ṣe igbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pápá. Àgbẹ̀ ń ṣán abẹ́ igbó, ó ń dá àwọn igi ńlá sí lókè, ó sì ń gbin kòkó sábẹ́ wọn. Oko bẹ́ẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ju oko àgbàdo lọ, ó sì ń jẹ́ kí òjò wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó igbó gidi, ẹranko àti ewé egbòogi inú rẹ̀ sì dín kù. Ẹ ò rí i pé àdéhùn àárín ni: a gba owó, a fi díẹ̀ nínú ohun tí igbó ń ṣe dù ú.

Níbo ni owó náà lọ? Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ tí ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àjọ náà ní yóò rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye kan, yóò sì tà á fún ayé ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí a fi ń yangàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 1962. Ilé Kòkó parí ní Ìbàdàn ní 1965. N kò mọ iye wa tí a ń ka ìwé yìí, tí kò jẹ́ pé kòkó ló rán bàbá tàbí ìyá wa, tàbí àwa fúnra wa, lọ sílé-ẹ̀kọ́. Èmi kò ní bú kòkó. Àmọ́ bí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé bá bi wá pé, “Ọdún wo ni ẹ dá nǹkan kan padà fún ilẹ̀ tí ẹ jẹ?” kí ni a ó wí? Ìwé dé, títì dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ẹ̀tọ́ kan nínú owó náà sápá kan pé èyí ni ti igbó, èyí ni ti odò. Nígbà tí owó orí àti owó kòkó kò bára mu mọ́, àwọn àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá dìde ní 1968 àti 1969, a sì pe ìdìde náà ní Àgbẹ́kọ̀yà. Ohun tí wọ́n jà fún ni owó orí àti iye ọjà. Ṣùgbọ́n ìjà náà bá ìbéèrè mi mu. Èrè ti lọ sí òkèèrè, gbèsè ṣì jókòó sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igbó ọba. Ní 1899 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ète àwọn onígbó ìjọba ni pé kí wọ́n ya nǹkan bí ìdá mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ète náà kò burú, nítorí wọ́n ti rí i pé omi àti ilẹ̀ wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òdiwọ̀n: èèwọ̀ tí ìlú fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ di òfin tí ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì fi lélẹ̀. Igbó orò ni gbogbo ìlú ń ṣọ́. Igbó ìjọba, fọ́rẹ́sítà nìkan ló ń ṣọ́ ọ, bí ó bá sì sùn, tàbí bí a bá fi owó dí i lẹ́nu, ẹ̀rọ ìgégi á wọlé. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn di ohun tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀. Igi kòkó dàgbà, a kò gbìn òmíràn dípò rẹ̀. Ní 1986 ìjọba tú àjọ kòkó náà ká. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ta igi ńlá tó ń ṣíji bo kòkó fún àwọn onípákó, wọ́n sì fi ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rọ́pò. Ilẹ̀ kò tún rí ọdún púpọ̀ fi sinmi mọ́. Ewéko kan tó ti òkèèrè wá sì gba gbogbo ibi tí oko kú sí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é, ẹgbẹ́ òṣèlú tí oníkálùkù kórìíra ni ó fi ń sọ ọ́. Kò sí ohun tó fi ìbáṣepọ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ hàn jù ú. Ewé rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ dúró. Bí ó bá bo ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ilẹ̀ á dára fún iṣu. Ṣùgbọ́n ó ń há ọmọ igi mọ́, bí ọyẹ́ bá sì dé, á gbẹ bí ìṣáná. Ní 1983, nígbà tí ọ̀dá dá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iná jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní Gánà kanlẹ̀. Ilẹ̀ ààlà bíi ti Ìkọ̀lé kò gbọdọ̀ gbàgbé ọdún náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ omi. Ní ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ó tó dá dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, ìjọba sé odò Èrò ní Ìkún-Èkìtì, nílẹ̀ Mọ̀bà, kí ọ̀pọ̀ ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. Ìsédò mìíràn wà ní Ìtapàjì, lábẹ́ Ìkọ̀lé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìsédò dà bí agbè: ohun tó bá bá omi wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Bí àwọn tó wà lókè odò bá ṣán etí odò tán, òjò yóò gbá ilẹ̀ pupa wọ inú adágún, iyanrìn yóò máa kún un, omi tó lè gbà yóò sì máa dín. Àwọn ará ìlú tó ń ṣí ẹ̀rọ yóò bú òṣìṣẹ́ omi. Òṣìṣẹ́ omi yóò bú ìjọba. Ta ni yóò rántí àgbẹ̀ tó wà lókè? Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí ni àgbẹ̀ náà jẹ wọ́n? Bí ó bá fi etí odò sílẹ̀ láìro, òun ló pàdánù ebè, àwọn ẹlòmíràn ló jèrè omi. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ẹnì kan san nǹkan fún un.

Ọ̀ṣun ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa jù. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tó tó hẹ́kítà 75 wà láàyè nítorí pé àwọn olùsìn àti àwọn oníṣẹ́-ọnà dúró tì í. Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà ní 1950, wà lára wọn. Ní 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé. Kò sí igbó òrìṣà wa tí a bu ọlá fún tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn awakùsà ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí omi amọ̀, ìjọba sì ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Igbó náà kò gé, èèwọ̀ náà kò bàjẹ́, UNESCO kò kọ̀ ọ́. Ibi tí ààbò rẹ̀ dé ni kò tó ibi tí odò ti ń bọ̀. Bí a bá ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé tí a kò ṣọ́ òrùlé, òjò yóò wọlé.

Ọ̀ràn ń gbòòrò ju odò lọ. Bí koríko bá gbẹ ní ìhà àríwá jíjìnnà, màlúù yóò bọ̀ sí gúúsù, ilẹ̀ ààlà ni yóò sì kọ́kọ́ bá. Ní 2016 ni Èkìtì ṣe òfin tó de jíjẹko kiri. Ẹ̀rù ṣì wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Èsùn, bí wọ́n ti ń ti ìpàdé bọ̀ ní agbègbè Ìkọ̀lé. N kò ní dá ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn ogun Tápà yóò mọ ohun tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lè ṣe sí oko egàn. Igbó tí ìbẹ̀rù gbìn, a kò gbọdọ̀ kí i káàbọ̀.

Láti òkè òkun náà, ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. Ní 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé àwọn kò ní ra kòkó tó bá ti oko tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2020 wá. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere: àgbẹ̀ ní láti lè tọ́ka sí ojú ilẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ti wá. Igbó wa ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra fún gbogbo ayé, nítorí náà ayé fẹ́ ní ẹnu nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń pàṣẹ rántí pé ilẹ̀ tirẹ̀ ti gé igbó rẹ̀ tipẹ́, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí igi dúró yẹ kó bá ẹni tí igi náà wà lóko rẹ̀ gbé ẹrù.

Ṣé ohun tí mo ń sọ yìí ṣe é ṣe? Wọ́n ti ṣe é níbòmíràn. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ láti orí àwọn òkè tó jìnnà sí i. Ní 1997, ìlú náà bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn: ìlú yóò ná owó sí oko wọn, yóò ra ilẹ̀ kan kó lè wà ní igbó, àwọn àgbẹ̀ yóò sì pa omi mọ́. Owó tí ìlú ná kéré gan-an sí iye tí wọn ìbá fi kọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa sẹ́ omi náà. Ẹni ìsàlẹ̀ san fún ẹni òkè, àwọn méjèèjì sì jèrè. Àwọn baba wa kò ṣàjèjì sí irú èyí. Ṣé kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀ ni a máa ń san fún onílẹ̀ tí a bá jẹ lórí ilẹ̀ rẹ̀? Kí ló dé tí kò fi sí ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹni tí a mu omi rẹ̀?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé àgbẹ̀ tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn kò lè máa ro ti ará Ẹdó. Òtítọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi di ẹ̀bi lé àgbẹ̀ lórí. Ìwàásù nìkan kò lè tún ohun tí ìṣirò bàjẹ́ ṣe. Ìbéèrè mi ni pé kí ibi tí a ti ń pinnu tó ibi tí ìyà ti ń jẹ. Ohun tó bá jẹ́ ti ìlú, gẹ́gẹ́ bí igbàlẹ̀ àti igbó etí odò, kí a dá a padà sọ́wọ́ ìlú, kí òfin sì ti èèwọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó bá jẹ́ ti odò, kí àwọn tó wà lókè rẹ̀ àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jókòó pọ̀, Èkìtì, Oǹdó àti Ẹdó lórí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Èkìtì àti Ọ̀ṣun lórí Ọ̀ṣun. Ohun tó bá jẹ́ ti ayé, kí ayé náà mú owó wá pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Àwa tí a wà ní yunifásítì ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé gan-an. Wọ́n jókòó sí orísun ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn lè wá ibi tí igbó orò ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó ń kọ́ èdè lè kọ orúkọ igi sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Ẹni tó ń kọ́ nípa omi lè wọn odò lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Láìsí ìwọ̀nyí, nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ bá dé láàrin ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀, kò ní sí ẹlẹ́rìí.

Kòkó rán wa níwèé, a sì ti kà á. Ó ku kí a fi ìwé náà san nǹkan padà fún ilẹ̀ tó rán wa. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.